Ìbàdí Ṣòkòtò Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ọkọ yín ò fẹ́ ṣe eré ìdárayá, ẹ sún mọ́ mi.

Dókítà ní kí ọkọ mi wá nǹkan ṣe sí ikùn rẹ̀. Ló bá forúkọ sílẹ̀ fún eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, kìlómítà méjìlélógójì.

Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Ìyàwó mi, ara mi ò gbé e. Mo ti jáwọ́."

Mo ní kó lọ wẹ̀, kó sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́. Ìka méjì wọ ìbàdí rẹ̀ fàà.

"Àbí mo ti ń fọn ni?"

"Ẹ ti ń fọn, Dádì."

Ló bá tún gbé bàtà eré wọ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, odindi ọwọ́ ló ń kì bọ ibẹ̀. Ó ń fi han àwọn ará ibi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ pàápàá ti ra bàtà eré.

Kò béèrè ohun tí mò ń ṣe nílé tó bá ti sá jáde.

Aránṣọ ni mí. Kó tó dé ìkóríta, mo ti ń tú ìbàdí àwọn ṣòkòtò rẹ̀, mo ń mú wọn fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ti wá fọn lóòótọ́. Lánàá, ṣòkòtò fẹ́ já bọ́ nídìí rẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo bá yára rán an wọlé.

Láàárọ̀ yìí, ó wọ̀ ọ́. Ìka kan ò ráyè.

"Ìyàwó mi, mo tún ti sanra."

Mo lanu kí n jẹ́wọ́. Ó ti wọ bàtà eré, ó ti sá kọjá ìkóríta.

Eré ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣòkòtò tí n ò tíì rán wọlé ku mẹ́rin.