Ìyá Kòkòrò Inú Ìgò

Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ọdún kan Gàníyù tán ní abúlé wọn lẹ́yìn Mọníyà, Bàbá Ṣítù, àgbà ìdílé, pe ìyàwó olóògbé àti àbúrò olóògbé sí ìdí igi mángòrò. Mùjíbátù ni ìyàwó. Lìádì ni àbúrò. Ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń dá. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn sí i, poro kan ṣoṣo ló pààlà wọn.

"Kòkòrò funfun ti wọ oko yín," ni Bàbá Ṣítù wí. "Ẹbí ò lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó di igbó. Tí oṣù méjì bá pé, màá wá wò ó. Ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bá yè ni yóò máa dá gbogbo ẹ̀."

Mùjíbátù kúnlẹ̀. "Bàbá, èmi àti ọmọ mẹ́ta, ibo la fẹ́ lọ?"

"Ẹ̀gẹ́ ni kó o bi."



Kòkòrò náà kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ohun kan bí òwú bo ara wọn. Wọ́n á ṣù mọ́ ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́, wọ́n á máa fa omi rẹ̀, orí ẹ̀gẹ́ á sì ká jọ bí ìkúùkù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Mùjíbátù lọ sọ́dọ̀ Lìádì.

"Bàbá Kaothar, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní pọ́ńpù tí ẹ fi ń fín oògùn."

"Ó ti bàjẹ́, Ìyá Àsmá'ù. Èmi gan-an ò fín nǹkan kan lọ́dún yìí."

Pọ́ńpù náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí. Mùjíbátù wò ó, ó dúpẹ́, ó jáde.

Ìyá Àpèkẹ́, arúgbó ilé kejì, ló kọ́ ọ ní ohun tí àwọn obìnrin abúlé náà máa ń ṣe. "Má da ara ẹ láàmú lórí àwọn wẹ́wẹ́ yìí. Ìyá wọn ni kó o máa ṣà. Tí ìyá ò bá sí nílé, ta ni yóò fún ọmọ lọ́yàn?"

Ó fi ọ̀kan hàn án. Ó tóbi ju àwọn yòókù lọ, ó di òwú rẹpẹtẹ sẹ́yìn bí aláàárù, ó sì ń yára rìn láàrin àwọn ọmọ tí kò mira. Mùjíbátù fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yí ikùn rẹ̀ sókè. Ó ní ẹ̀mú méjì lẹ́nu. Ó fi wọ́n gé e ní ìka.

"Yéè! Ẹnu rẹ̀ rí bíi ti kúlúsọ inú iyanrìn ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Kúlúsọ ń jẹ èèrà ní tiẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ẹ ni eléyìí ń jẹ. Jù ú sómi eérú, jàre."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú omi eérú ni gbogbo wọn kú sí. Lọ́jọ́ kan, Mùjíbátù dé oko, ó bá Lìádì níbi tó ti ń ka ebè ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ìbú dé òró. Ó kí Lìádì, ìyẹn sì dá a lóhùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mùjíbátù kò gbé abọ́ tó ṣà wọ́n sí dé ibi omi eérú. Ó ré poro kọjá, ó sì da àwọn ìyá náà sórí ẹ̀gẹ́ Lìádì, jẹ́jẹ́, kí ọ̀kankan má baà fara pa.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lójoojúmọ́. Láàárọ̀, ó ń ṣà. Nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tó pe ìrun, ó ń dà á sọ́hùn-ún.

Oko tirẹ̀ ń funfun sí i. Ó ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni àwọn náà ń jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó rí i pé ọ̀mùnú tuntun ti ń yọ lórí ẹ̀gẹ́ Lìádì. Ó yí ewé kan padà. Irun tín-ín-rín wà lábẹ́ rẹ̀, ẹyin kékeré kan sì dúró ṣánṣán lórí irun kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan fò kúrò níbẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ dà bí àwọ̀n.

"Ó ti fi nǹkan sóko," ó sọ fún Ìyá Àpèkẹ́. "Irun ni mo rí."

"Irun ta ni? Lìádì tó pá lórí? Ọwọ́ ẹ ni ò yá. Ṣà wọ́n."

Ó ṣà wọ́n láti ìdájí títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó wá gbogbo ebè, ìyá kan ṣoṣo ló rí. Kò jù ú nù. Ó ki ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ bọ inú ìgò, ó ka ogún ọmọ sórí rẹ̀, ó fi ìyá náà tì wọ́n, ó sì fi aṣọ wé e. Yóò fi han Bàbá Ṣítù, kó lè mọ̀ pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọjọ́ kẹta ni bàbá náà dé. Ó dúró sínú poro. Ó wo ọ̀tún, ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ó wo òsì, igi lásán ló kù.

"Lìádì, kí lo fín sí i?"

"Mi ò fín nǹkan kan, Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra. Ẹ̀bá poro níbí, lọ́dọ̀ ìyàwó wa, ló ti kọ́kọ́ ń yá bọ̀."

"Ó dáa. Gbogbo ẹ̀ ti di tìẹ."

Mùjíbátù kúnlẹ̀ sí iwájú rẹ̀. "Ẹ má tíì lọ, Bàbá. Ẹ kàn wo ohun tí mo bá jà. Ojoojúmọ́ ni mò ń kó wọn kúrò lóko mi. Ìyá tó kù nìyí, òun àti ogún ọmọ rẹ̀."

Ó tú aṣọ ara ìgò náà. Bàbá Ṣítù gbé e sókè sí oòrùn, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Àwọn ọmọ náà dà?"

Ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ inú ìgò náà mọ́ tónítóní, òwú ọmọ mọ́kàndínlógún wà lẹ́yìn ìyá náà bí ẹrù, ó sì fi ẹnu kúlúsọ rẹ̀ há èyí tó ṣẹ́kù mọ́lẹ̀, ó ń mu ún.