Ìwé Tí Dókítà Ògúnbọ̀dé Tì Mọ́lé

Ahun ni Dókítà Gbémiga Ògúnbọ̀dé tó ń gbé ní Mowe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ahun owó. Bó bá ń ti Èkó bọ̀, á ra búrẹ́dì ní Ibafo fún gbogbo ará àdúgbò, títí kan àwọn tí kì í kí i láàárọ̀. Ohun tó mọ̀ ni kì í fún ẹnikẹ́ni. Díákónì ni nínú ìjọ rẹ̀, ó sì gbà pé ohun téèyàn bá gbé síta ni ayé ń rí bà jẹ́.

Lọ́dún 2004, ìjọba fún un lówó kó ṣèwádìí ibà apọ́njú tó ń mú àwọn ọmọ tuntun ní agbègbè Ifọ̀. Owó ìlú ni, àdéhùn sì wà níbẹ̀: bó bá ti parí iṣẹ́, kó fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ sí ibi ìkówèésí kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Dókítà tọwọ́ bọ̀wé. Àwọn ìyá gbé ọmọ wọn wá, ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gìgísẹ̀ wọn. Wòsílátù, tó ń ta òkìrìkà aṣọ ọmọdé ní Àgbàdo, wà lára wọn.

"Dókítà, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ yìí, ṣé ẹ máa sọ fún wa?"

"Ẹ má ṣèyọnu, màmá. Ẹ máa gbọ́."

Ó rí nǹkan lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ níbẹ̀, pàápàá àwọn ọmọkùnrin, kò gba káńfọ̀ tí àwọn ìyá ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Òórùn rẹ̀ lè sọ ojú ọmọ di pípọ́n bí ìyeyè, bí wọn kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, etí ọmọ lè di. Ìwé ìròyìn ìṣègùn kan lókè òkun tẹ iṣẹ́ náà jáde, wọ́n sì ní ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó kọ́kọ́ san dọ́là. Wọn ò ní kí Dókítà má fi ẹ̀dà tirẹ̀ síbi ọ̀fẹ́. Òun ni kò fi í síbẹ̀.

Mùnírátù, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Ifọ̀, pè é lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe lọ́dọ̀ wa, ẹ bá wa gbé e síta ká lè kà á."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ò mọ ayé. Tí mo bá gbé e síta, wọ́n á jí i, wọ́n á fi di prọfẹ́sọ̀ ṣáájú mi."

"Ẹ kúkú sọ ọ́ fún mi lẹ́nu."

"Ohun téèyàn bá sọ lẹ́nu, inú ìwé ẹlòmíì ló ń bọ́ sí."

Ó fi òróró àdúrà pa fáìlì náà lórí, ó sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Wòsílátù bí ọmọkùnrin. Ó kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ bí ìyá tirẹ̀ ti kọ́ ọ. Kí wọ́n tó sọ ọmọ náà ní Múfútáù, ojú rẹ̀ ti pọ́n ròrò. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì wọ́. Múfútáù yè é, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ di.

Lọ́dún 2007, ìjọba fẹ́ gbé iṣẹ́ tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ fún Dókítà. Iṣẹ́ yìí ni yóò sọ ọ́ di prọfẹ́sọ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ifọ̀ nìkan ló sì kù kó tún gbà. Ó gbé jíìpù tuntun lọ bá àwọn ìyá ní ilé ìwòsàn Ifọ̀.

"Èyí tẹ́ ẹ gbà nígbà yẹn, kí lẹ fi ṣe?" Wòsílátù béèrè. Ó pọn Múfútáù.

"Ó wà nínú ìwé ìròyìn lókè òkun."

Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n wọ́ tẹ̀ lé Mùnírátù lọ sí kafé íńtánẹ́ẹ̀tì. Mùnírátù tẹ orúkọ Dókítà, àkọlé ìwé jáde, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n ní ká san dọ́là."

"Dọ́là? Lórí ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn ìyá ro ẹ̀jẹ̀, wọ́n ro dọ́là, wọ́n wá ro jíìpù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbọ́ ọ títí dé Akute pé Dókítà kan ní Mowe ń fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ṣòògùn owó. Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ tí kò sọ ohun tó fi ṣe, ta ni yóò bá a rojọ́? Àwọn ọ̀dọ́ fọ́ gíláàsì jíìpù, Dókítà sì sá wọ àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀gá ọlọ́pàá gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀. "Ẹ ṣí ìwé náà ká rí i." Dókítà tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní kó san dọ́là.

"Dókítà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni sà."

"Wọ́n sì ní kẹ́yin náà sanwó?"

Dókítà ní ẹ̀dà kan wà nílé òun. Àwọn ọlọ́pàá bá a lọ sí Mowe, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú fáìlì jáde tòun ti òróró. Lọ́jọ́ kejì, Mùnírátù ka ìwé náà fún àwọn ìyá ní Yorùbá níṣojú Dókítà. Nígbà tó débi káńfọ̀, àwọn ìyá ní kó tún un kà.

Wòsílátù sọ Múfútáù kalẹ̀. "Dókítà, a ní ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa ṣòògùn owó. A purọ́ mọ́ yín, ẹ má bínú." Ó pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ọmọ náà ń wo fèrèsé. "Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀, ẹ ò sọ."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìjọba gba iṣẹ́ kejì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó da àdéhùn, oyè prọfẹ́sọ̀ sì bá a lọ. Nínú ìjọ rẹ̀ pàápàá, bó bá na ọwọ́ sí ọmọ ọwọ́, ìyá ọmọ á rántí pé òun gbé ìkòkò sórí iná. Ìwé náà wà níbi ọ̀fẹ́ báyìí. Gbogbo ayé ń kà á, kò sì sẹ́ni tó jí i.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Ìmọ̀ tí a fi owó ìlú wá, tí a sì fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ rí, ìlú ló ni ín. Alágbàtọ́ lásán ni ẹni tó kọ ọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àgbà tó bá sì ti ọgbọ́n mọ́ inú dúrọ́ọ̀ kò gbọdọ̀ bínú bí ayé bá pè é ní oníṣòògùn owó. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a mọ̀ nígbà tí etí tó yẹ kó gbọ́ ọ kò tíì di.