Dùùrù Tó Ń Ti Olúyọmí Lójú

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o, ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ̀rín pọ̀ nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìdí ìkòkò ni ẹran rẹ̀ wà.

1.
Lọ́dún 1983, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan wà n'Íjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ń pè ní Ẹdùn Àrá. Mẹ́rin ni wọ́n. Olúyọmí ló ń kọrin, òun náà ló ń ta gìtá. Kàmọ́rù ń ta gìtá béèsì, Rufus ń lu ìlù bí ẹni tí ìlù bú bàbá ẹ̀. Matilda, ọmọ Bàbá Ernest atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń tẹ dùùrù fún wọn.

Dùùrù wo? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Dùùrù àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó lè mí. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ra tuntun, wọ́n fi ògbólógbòó yìí ta Bàbá Ernest lọ́rẹ. Ó ti gbó débi pé ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí ti àwọn dùùrù yòókù. Àwọn ọmọ yìí ò mọ̀, kò sì kàn wọ́n. Kí wọ́n tó ṣeré níbikíbi, Matilda á tẹ ohùn kan ṣoṣo, á dì í mú. Olúyọmí àti Kàmọ́rù á wá máa fún okùn gìtá wọn títí yóò fi bá ohùn náà mu, kí Rufus tó ka ení, èjì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, láti Òdogbolú títí dé Ìbàdàn.

Yàrá ìgbàlejò Bàbá Ernest ni wọ́n ti ṣe "Ọ̀nà Ayépé", orin ọmọkùnrin kan tó fẹsẹ̀ rìn dé Ayépé nítorí olólùfẹ́, tó débẹ̀ tó gbọ́ pé ọmọbìnrin náà ti fẹsẹ̀ rìn lọ s'Íjẹ̀bú-Òde láti wá òun. Matilda ló mú ohùn orin wá, Olúyọmí wá ọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tí rédíò gbé e, kò sí ọmọ iléèwé tí kò kọ ọ́.

2.
Òkìkí bá gun Olúyọmí lórí. Ó ra awò ojú dúdú, ó ń lò ó nínú ilé, ó sì fẹsẹ̀ kọ àga ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Dùùrù wá ń tì í lójú. Ó ní àwọn olórin rọ́ọ̀kì òkè òkun kì í gbé ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì kiri.

Nígbà tí àwo wọn kejì jáde, àwòrán Olúyọmí nìkan ló wà lára páálí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lábẹ́ gbogbo orin, títí kan "Ọ̀nà Ayépé". Matilda wo iwájú páálí náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn.

"Yọmí, èmi dà?"

"Ṣebí ìwọ náà mọ̀ pé ojú mi làwọn èèyàn ń wá wò."

"Ojú ẹ ni wọ́n ń wò. Kí ni wọ́n ń gbọ́?"

Kàmọ́rù àti Rufus bẹ Olúyọmí kó tọrọ àforíjì, ó ní ẹni tó bá fẹ́ lọ kó máa lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lọ. Ó dun Matilda gan-an. Ó faṣọ bo dùùrù náà, kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́.

3.
Lọ́dún 1986, ilé iṣẹ́ àwo orin kan l'Ékòó ní àwọn ń wá olórin kan tí àwọn máa gbé lọ sí Ìlú Ọba. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gbọ́ Olúyọmí ní gbọ̀ngàn ìlú, lọ́sàn-án Sátidé. Olúyọmí háyà àwọn olórin mẹ́ta l'Ékòó, ọ̀kan nínú wọn gbé dùùrù oníná tuntun wá. Wọ́n ní kí àwọn jọ dán orin wò, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ kọ́ òun lórin òun ni. Wọ́n ní kó wá bá dùùrù mu ohùn, ó ní òun ti fún okùn gìtá òun wá látilé, etí òun kì í tan òun jẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, etí rẹ̀ ò tàn án jẹ lóòótọ́. Ohùn tó wà létí rẹ̀ láti ọdún yìí wá ni ohùn dùùrù Matilda, dùùrù oníná ò sì mọ ohùn yẹn rí. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ "Ọ̀nà Ayépé", dùùrù gba òkè, gìtá gba ìsàlẹ̀. Olúyọmí sá tọ dùùrù lọ, ó tún sá padà sọ́dọ̀ gìtá, bí ewúrẹ́ tí mọ́tò ká mọ́ àárín títì. Àwọn ará Èkó tó wá gbọ́ ọ ń wo ara wọn. Màmá àgbà kan dìde níwájú, ó fohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá inú ló ń run ọmọ náà. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn orin yẹn ju kí wọ́n jẹ́ kó bàjẹ́ lọ. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fúnra wọn, tọmọdé tàgbà, wọ́n sì kọ ọ́ parí láìwo ojú Olúyọmí. Bí Ìlú Ọba ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

4.
Nígbà tó fi máa di 1989, rédíò ni Olúyọmí ń tún ṣe ní Ìjagun. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ràmọ́tà, gbé rédíò wá lọ́jọ́ kan, ó ń fi ẹnu kùn "Ọ̀nà Ayépé". Olúyọmí bi í léèrè ẹni tó ni orin náà.

"Ẹdùn Àrá ni, ẹ̀gbọ́n. Àwọn onídùùrù yẹn."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ọkùnrin kan ni. Ẹ má bínú, mi ò mọ orúkọ ẹ̀."

Olúyọmí tẹjú mọ́ rédíò náà bí ẹni pé ibẹ̀ ni orúkọ òun wà. Kí n má purọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé gìtá lọ sílé Bàbá Ernest. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, bàbá sì nawọ́ sí yàrá ìgbàlejò. Matilda wà níbẹ̀, ó ti di olùkọ́, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, Matilda. Jọ̀ọ́, fún mi lóhùn."

Matilda ṣí aṣọ lórí dùùrù, ó tẹ ohùn kan ṣoṣo, ó sì dì í mú. Olúyọmí fún okùn gìtá rẹ̀ títí ó fi bá ohùn náà mu.

Ìlú Ọba ò padà wá, awò dúdú náà sì ti fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ilé Bàbá Ernest kọjá lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ohùn mẹ́rin ló ń gbọ́, torí Kàmọ́rù àti Rufus náà ti padà.

Ìwọ tó ò ń kà á, mo kìlọ̀ fún ẹ: bó o bá dókè, má ṣe fi àwọn tó fún ẹ lóhùn pa mọ́ sẹ́yìn páálí. Kà á sétí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra awò dúdú. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ.