Ohùn Pẹ̀lúmi

Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ gbogbo ọjọ́ Àìkú, Olúṣẹ́gun á ti fèrèsé yàrá rẹ̀ ní Neukölln, ní Berlin, á jẹ́ kí ohùn àwọn ẹyẹ Ọsirélíà máa dún lábẹ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, á sì pe Màmá Àbẹ̀ní ní Hamburg.

"Màámi, ẹ káàárọ̀. Pẹ̀lúmi ni."

Òun kọ́ ni Pẹ̀lúmi. Pẹ̀lúmi ti kú láti oṣù kẹta.

Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì ti jọ wá kàwé ní Berlin, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì fi jọ gbé yàrá. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe ní yunifásítì: wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹyẹ kan tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Leierschwanz, wọ́n sì ń ya orin tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó sín jẹ. Inú igbó Ọsirélíà ni ẹyẹ náà ń gbé. Á máa fẹsẹ̀ walẹ̀ jẹun bí adìyẹ. Tí ó bá fẹ́ fa ojú abo mọ́ra, akọ á tún ojú ilẹ̀ kan ṣe, á na ìrù bo ara rẹ̀ lórí, á wá máa ké bí ogún ẹyẹ mìíràn, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọ̀dọ̀ àwọn akọ tó ti dàgbà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Wọ́n fún Pẹ̀lúmi ní oṣù mẹ́fà kí ó lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọ lu kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní Reinickendorf, ní Berlin níbẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí ó fi kú sílé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ní Hamburg. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un. Ẹ̀gbọ́n ìyá náà, Àlàbí, tó ń kó ẹrù láti èbúté Hamburg lọ sí Èkó, ló wá sí Berlin, tó fọwọ́ sí ìwé, tó sì sin ọmọ náà. Ó kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé etí àbúrò òun kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n sọ fún ìyá náà pé Pẹ̀lúmi ti lọ sí Ọsirélíà, pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára nínú igbó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àlàbí pe Olúṣẹ́gun. Ó ní obìnrin náà ti dákẹ́ jù, kì í béèrè ohunkóhun, ẹ̀rù sì ń ba òun. Ó rántí pé Olúṣẹ́gun ti sín ohùn Pẹ̀lúmi jẹ rí níbi ọjọ́ ìbí kan, tí Pẹ̀lúmi fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ohùn náà pe Màmá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohùn Olúṣẹ́gun ya lójijì nínú ìpè náà. Ó ní kàtá ni. Màmá ní kí ó se atalẹ̀, kí ó mu ún ní gbígbóná, kí ó sì tún pe òun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀kan ṣe di gbogbo ọjọ́ Àìkú. Màmá kò fi ìgbà kan sọ pé òun fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ń rí oorun sùn, bóyá ó rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Òun náà á máa sọ ti ẹyẹ fún un. Ó ní abo nìkan ló ń kọ́ ìtẹ́, tó ń yé ẹyin kan ṣoṣo, tó sì ń dá sàba lé e. Màmá ní òun mọ irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún un pé wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí erékùṣù kan tí àwọn ẹyẹ kan tí wọ́n ń sín jẹ kò sí níbẹ̀. Àwọn tó gbé orin àwọn ẹyẹ náà dé ibẹ̀ kú, síbẹ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ṣì ń kọ ọ́.

"Ṣé wọn ò ní orin tiwọn ni?" Màmá béèrè.

"Wọ́n ní, mà."

"Kí wọ́n máa kọ ìyẹn náà."

Olúṣẹ́gun wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń ṣa ohun tó máa sọ fún Màmá jọ. Jasmin tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì sọ fún un pé ó ti ń rẹ́rìn-ín bíi Pẹ̀lúmi. Ó ní irọ́ ni.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, Àlàbí ní ó tó àkókò. Òun àti pásítọ̀ ìjọ wọn yóò lọ sọ fún Màmá ní ọjọ́ Sátidé. Olúṣẹ́gun kò lè fara da kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg.

Màmá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, pẹ̀lú okùn ìwọ̀n aṣọ lọ́rùn. Ó ti rù. Ó kí i káàbọ̀, ó gbé oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n Olúṣẹ́gun kò fọwọ́ kàn án. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀: ọkọ̀ akẹ́rù, ibojì, gbogbo ìpè ọjọ́ Àìkú.

"Mo ti tàn yín jẹ, mà," ó ní. "Tí ẹ bá ṣẹ́ èpè fún mi, ó tọ́ sí mi."

Ó ti to nọ́ńbà ọkọ̀ ilé ìwòsàn sórí fóònù rẹ̀. Ó ń retí igbe. Màmá kò ké. Ó jókòó tì í nílẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó sì fi etí ìró nu ojú rẹ̀.

"Ilé ìwòsàn Berlin ti pè mí lórí ibùsùn tí mo wà kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni nínú yín," ó ní, "ṣùgbọ́n mo rí i pé ìwọ ni o ò tíì lè jẹ́ kí ó lọ, ni mo bá ń gbé fóònù náà nítorí rẹ."