Àyípo Tí Kì Í Pe Bàbá

Ìyàwó awọnlẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń sùn lọ́sàn-án. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí.

Awọnlẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Kò sí ilẹ̀ tí yóò wọ̀n mọ́, ló bá dojú kọ ilé ara rẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló ń gbé ibẹ̀: òun, ìyàwó rẹ̀ tó ti fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ télọ̀. Ìjà ta ni yóò fọ àwo kì í tán láàárín wọn. Bàbá bá kọ́ ara rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, ó ṣí fódà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ fáìlì àṣẹ kan. Tó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fáìlì náà á ní kí ẹ̀rọ to orúkọ àwọn fódà sílẹ̀. Àyípo kan nínú rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tó ń ṣe ohun kan náà léraléra, á ka èsì yẹn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, á sì pe ẹni tó kàn.

Lọ́jọ́ kìíní, BABA ló jáde. Ó fọ àwo. Mẹ́ta fọ́ nínú àwo tánganran méjìlá tí ìyá ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mú ìgbálẹ̀. Ó gbá àfọ́kù, ó ka mẹ́sàn-án tó kù, ó tò wọ́n padà sórí pẹpẹ.

Lọ́jọ́ kejì, MAMA jáde. Ó kan NOOSI, ó kan TELO. Lọ́jọ́ karùn-ún, MAMA tún ni.

"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?" Télọ̀ béèrè.

"Ẹ̀rọ ò mọ ojúsàájú," bàbá dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, BABA ò jáde mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló pariwo jù. "Ẹ wá wo jìbìtì o! Ẹni tó kọ ọ́ ló yọ ara rẹ̀ kúrò. Bàbá ọmọ mi, ojú ò tì yín?"

Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá wọra. Ogójì ọdún ló fi pa ààlà fún àwọn tó ń jà sí ilẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pè é ní onímàgòmágó rí. Ó dìde nídìí oúnjẹ.

"Tí n ò bá tún un ṣe títí Sátidé, ẹ gbà pé màgòmágó ni mo ṣe. Èmi nìkan ni màá sì máa fọ àwo ilé yìí fún ọdún kan gbáko."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ọdún kan?"

"Gbáko."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ojú bàbá ò ríran dáadáa mọ́, torí náà ìyàwó rẹ̀ ló ń ka ìwé ìrànlọ́wọ́ inú ẹ̀rọ fún un.

"Wọ́n ní tí ẹ bá ń fọwọ́ tẹ àṣẹ yẹn lásán, àmì pásẹ́ǹtì kan, tó bá wà nínú fáìlì, méjì."

"Méjì ni mo fi síbẹ̀."

"Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìlà ló máa ń mú, àfi tí ẹ bá ní kó mú gbogbo ẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lorúkọ mi. Ó kù?"

"Wọ́n ní kì í ka ìlà tó bá ṣófo." Ó pa ìwé náà dé. "Ó tán. Ọbẹ̀ mi ń jóná."

Bàbá ò gbóòórùn kankan, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru imú tó dí.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àṣẹ náà láìlo fáìlì. Orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò sílẹ̀, tirẹ̀ ló wà lókè. Ó sún mọ́ gíláàsì ẹ̀rọ. Ìdọ̀tí bíńtín kan wà níwájú orúkọ rẹ̀. Ó fi apá aṣọ nù ún. Kò lọ.

"Ìyá ọmọ mi, kí lèyí?"

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ìgbẹ́ eṣinṣin ni. Màá fọṣẹ nù ún."

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, bàbá pinnu pé ìlà àkọ́kọ́ ni àyípo ń gbé mì. Ó ṣí fódà tuntun, ó pè é ní AJA, torí A ló ṣáájú B, kí ó lè wà lókè kí wọ́n gbé e mì dípò òun. Síbẹ̀, BABA ló ṣì wà lókè, AJA tẹ̀ lé e.

"Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rọ pàápàá mọ àgbà."

Ní aago mẹ́fà, ẹ̀rọ kọ ọ́ gàdàgbà: AJA LÓ KÀN LÁTI FỌ ÀWO. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ajá ilé jáde lábẹ́ àga, ó wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó padà síbi tó ti ń bọ̀.

"Ó kúkú ń lá àwo mọ́ ju bí Bàbá ṣe ń fọ̀ ọ́ lọ," Télọ̀ wí.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, bàbá ò jẹun. Ó kàn jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ jẹun, Bàbá ọmọ mi."

"Ogójì ọdún," bàbá wí. Ó ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í fúngbà díẹ̀. Ó wá mú báàgì, ó ní òun fẹ́ ra nǹkan.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, bàbá pa fódà AJA rẹ́. Ó yọ àmì àyọlò kan nínú fáìlì, ó dá a padà síbi tó wà, ó sì ní kí fáìlì ṣiṣẹ́. BABA LÓ KÀN LÁTI FỌ ÀWO. Ó fò sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ foríjì mí, Bàbá. Kí ló ṣe é?"

"Àmì àyọlò ni. Bí wọ́n ṣe ń fi í síbẹ̀ lọ́tọ̀."

"Ọkọ mi ọlọ́gbọ́n," ìyàwó rẹ̀ wí.

Bàbá ká apá aṣọ, ó korin wọ ilé ìdáná. Wọ́n gbọ́ tí nǹkan bọ́ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ wọn ò gbọ́ kí nǹkan kan fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó jí, ìyàwó awọnlẹ̀ ti kó àwo tánganran mẹ́sàn-án sínú àpótí, ó ti to àwo ike tuntun sórí pẹpẹ, ó sì ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti pa àmì kan rẹ́ níwájú orúkọ fódà ọkọ rẹ̀, kóńmà tí àmì ìdánudúró kan dúró lé lórí, èyí tí ìwé ìrànlọ́wọ́ sọ, nínú ìlà tí òun kò kà sókè fún bàbá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pé àyípo kì í ka ohunkóhun tó bá fi í bẹ̀rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ti rí kà tẹ́lẹ̀, tó sì tẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwo mẹ́ta fọ́: Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá, lọ̀rọ̀ parí.