Ìdí Tí Lífùtì Fi Dúró

"A ti há!" ni dókítà ké nígbà tí ilẹ̀kùn lífùtì pa dé, tí lífùtì kò sì mira.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Gbọ̀ngàn òkè ni wọ́n ń lọ, láti ka ìwádìí tí wọ́n jọ ṣe lórí bí ìmọ̀ ṣe máa gba ayé là. Ayàwòrán-ilé lojú ń tì jù, torí òun ló ya lífùtì náà. Ògiri ẹ̀ ló jẹ́ kó gba ẹ̀bùn: ó ń dán bíi dígí, kò sí bọ́tìnì kan tó yọ síta níbẹ̀. Ó ti fi gbogbo wọn pamọ́ kí wọ́n má baà bẹwà jẹ́.

"Ooru ayé tó ń pọ̀ sí i ni," onímọ̀ àyíká ní. "Irin ẹ̀ ti wú."

"Ẹ yéé sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ń tán!" Dókítà fúnra ẹ̀ ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

"Ẹ jẹ́ ká wádìí ẹ̀ ná," ayàwòrán-ilé bẹ̀ wọ́n. "Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú."

Wọ́n wádìí títí, òógùn bò wọ́n. Nígbà tí ẹsẹ̀ ayàwòrán-ilé ò gbé e mọ́, ó fìdí ti ògiri. Nǹkan dún kẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, lífùtì sì gbéra. Ìgbà yẹn ló rántí ibi tó fi bọ́tìnì pamọ́ sí, àti pé látìgbà tí wọ́n ti wọlé, ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́.

Dókítà dì mọ́ ọn. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, orí yín pé! Ẹ ti rí ìdí ẹ̀?"

"Mo ti rí i," ó ní, ó sì rọra fa ẹ̀yìn kóòtù ẹ̀ bò ó.