Ìkéde Ẹlẹ́ẹ̀kẹta

Ẹ wá wo Tíṣà Japheth níwájú ilé Ọmọ́ṣọlá l'Érúwà, tó ń wàásù bí ẹni pé òun ló kọ́ Pọ́ọ̀lù níwàásù!

Lọ́la, Ọjọ́ Ìsinmi, ni wọ́n máa ké orúkọ òun àti Edith ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ẹnìkan bá fi lè dìde pé òun ní ẹjọ́, ìgbéyàwó dàrú nìyẹn.

Ọmọ́ṣọlá lẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ọdún mẹ́jọ ni ìyẹn fi dúró dè é kó tó ti Gánà dé. Ó dé tán, Edith ọmọdé lojú rẹ̀ rí.

"Ọmọ́ṣọlá, Olúwa ní ká dárí jini. Má ṣàníyàn mọ́."

Ọmọ́ṣọlá ń bó ẹ̀gúsí, ó ń kọrin: *Mo gbẹ́rù mi sílẹ̀, ọrùn mi fúyẹ́.*

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, Tíṣà. Etí mi ò gbọ́ dáadáa."

Aláìnítìjú bá pariwo: "Mo ní mi ò gbé obìnrin kankan níyàwó rí! Edith nìkan l'Ọlọ́run yàn fún mi!"

"Ó dáa. Mo ti dárí jì yín. Mi ò ní dìde lọ́la."

Japheth fò sókè, ó ń jó, ó ń redí bíi pẹ́pẹ́yẹ.

"Halelúyà! Ta ló tún kù tó lè dìde?"

Ọmọ́ṣọlá gbọn èèpo ẹ̀gúsí dànù, ó yíjú sí yàrá.

"Ìyá Ìbejì, ẹ máa bọ̀. Ọkọ yín tí ẹ tìtorí ẹ̀ wá láti Kùmásí nìyí."

Obìnrin náà jáde, ó pọn ìkan, ó gbé ìkan dání.

"Bàbá Ìbejì, aago mélòó ni ìsìn máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la?"